Ìhùmọ̀ àti Ohun Tí Ó Hàn Gbangba: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀ Kan nínú Òfin Páténtì

1. Ìfáàrà

Nínú òfin tí ó de ọ̀rọ̀ páténtì ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, gbólóhùn kúkurú kan wà tí ẹ̀tọ́ púpọ̀ rọ̀ mọ́. Gbólóhùn náà ni pé ìhùmọ̀ tí ìjọba yóò fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lé lórí kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ó tẹ̀lé ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó bá sáré ka gbólóhùn yìí lè rò pé kò ní ìṣòro nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́, tí oníṣẹ́ kan ní òun ni òun hùmọ̀ nǹkan, tí èkejì sì ní ohun tí gbogbo àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ìgbà náà ni a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí adájọ́ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhùmọ̀ gidi àti ohun tí ó hàn gbangba. A ó fi ohun tí ó ń gba àwòrán sínú kámẹ́rà òde òní ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fi ìṣòro náà hàn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sí ilé, láti wo ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dá sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa.

Ìlú Enugu ni a fi ṣe ojúkò àlàyé wa, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin fún ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ páténtì, ní ẹ̀ka ní ìlú náà. Èkejì ni pé iṣẹ́ ìhùmọ̀ ní ìtàn ní Enugu. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn onímọ̀ ìhà Ìlà-Oòrùn ń fọ epo bẹntiróò, wọ́n ń rọ ohun ìjà, wọ́n sì ń ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ fúnra wọn. Lẹ́yìn tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìjọba East Central State dá ilé iṣẹ́ ìwádìí tí a mọ̀ sí PRODA sílẹ̀ ní Enugu, kí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ má baà ṣòfò. Gordian Ezekwe, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìgbà ogun náà, wà lára àwọn tí ó ṣe olórí ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó wá gba ilé iṣẹ́ náà nígbà tí ó yá. Níbi tí ọwọ́ bá ti ń dá nǹkan tuntun, kò lè ṣe kí ìbéèrè 'ta ni ó ni ín?' má wáyé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ òfin àti ẹ̀rọ. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn án gidigidi. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń kọ páténtì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni adájọ́ ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wa ka ìmọ̀ tí a fi ẹnu sọ sí ẹ̀rí, ó sì ṣe tán, àwa ni iṣẹ́ wa jẹ́ láti kó ìmọ̀ aláfẹnusọ jọ.

2. Ohun Tí Òfin Wí

Páténtì ni ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan, pé fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ kó o wọ ìlú, àfi bí ẹni náà bá gbà. Ní Nàìjíríà, ogún ọdún ni, bí olóhun bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni a fún un: ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìhùmọ̀ náà ní kíkún nínú ìwé rẹ̀, débi pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò lè kà á kí ó sì ṣe é. Bí ogún ọdún bá pé, ìmọ̀ náà di ti gbogbo ayé.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó kọ́kọ́ mú irú òfin yìí wọ ilẹ̀ wa ní 1900. Láti 1925, ẹni tí ó bá fẹ́ páténtì ní Nàìjíríà ní láti kọ́kọ́ gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín. Òfin ọdún 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 1971, ni ó fòpin sí ìyẹn, òun náà sì ni a ṣì ń lò.

Abala kìíní òfin náà la ohun mẹ́ta sílẹ̀. Ìhùmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ó gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ ìhùmọ̀ jáde. Ó sì gbọ́dọ̀ wúlò fún ilé iṣẹ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun kejì yìí ni ó kàn wá. Òfin ṣàlàyé pé nǹkan ti inú iṣẹ́ ìhùmọ̀ jáde bí kò bá tẹ̀lé ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní gbangba, yálà ní ti ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ní ti ìlò rẹ̀, ní ti bí a ṣe pa ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọ̀nà, ní ti ohun tí a ṣe jáde, tàbí ní ti àbájáde rẹ̀. 'Ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀' sì ni gbogbo ohun tí ó ti dé etí ìgbọ́ tàbí ojú aráyé níbikíbi, nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ nípa lílò, kí ẹni náà tó mú ìwé rẹ̀ wá.

3. Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń fi àwọn ọ̀rọ̀ wa pè. 'Gbólóhùn ẹ̀tọ́' ni a ó máa pe gbólóhùn tí olùhùmọ̀ fi pààlà sí ohun tí ó ní òun ni. Inú gbólóhùn yìí, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó gùn, ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà. Ó dà bí ààlà oko: ohun tí ó bá bọ́ sí òde rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣàlàyé rẹ̀ níbòmíràn nínú ìwé náà. Bí ó bá sì nà án kọjá ohun tí ó ṣàlàyé, òfin kò gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'tuntun'. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń da 'tuntun' pọ̀ mọ́ 'ohun tí kò hàn gbangba', ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí àgbẹ̀ kan bá kun èèkù ọkọ́ rẹ̀ ní ọ̀dà pupa kí ó má baà sọ ọ́ nù sínú igbó, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nǹkan tuntun ni. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àwọ̀ pupa máa ń hàn láàárín ewé? Ohun tí ó ṣe hàn gbangba. Nítorí náà, ìbéèrè 'ǹjẹ́ ẹnìkan ti ṣe é rí?' àti ìbéèrè 'ǹjẹ́ ó gba ọgbọ́n ìhùmọ̀ kí a tó ṣe é?' kì í ṣe ìbéèrè kan náà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni 'hàn gbangba' fúnra rẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ojú ni a fi ń mọ ohun tí ó hàn. Bí a bá lo ọ̀rọ̀ yìí láìṣe àkíyèsí, ó lè ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ohun gbogbo ni ó máa ń hàn lẹ́yìn tí a bá ti fi hàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nínú òfin ni 'tẹ̀lé'. Adájọ́ kò béèrè bóyá nǹkan náà rọrùn lójú. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹni tí ó dúró lórí ìmọ̀ àná lè gbé ẹsẹ̀ kan tí yóò gbé e dé ibẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà hàn án. Nítorí náà ni a fi rò pé 'àtẹ̀lé gbangba' sàn ju 'ohun tí ó hàn' lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìperí. Ó ń rán wa létí pé ìrìn ni a ń wò, pé ó ní ibi tí a ti gbéra àti ibi tí a dé.

4. Àpẹẹrẹ: Ohun Tí Ó Ń Gba Àwòrán nínú Kámẹ́rà

Nínú kámẹ́rà òde òní, kò sí fíìmù mọ́. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ ni pátákó tín-ínrín kan tí a pín sí ojú kéékèèké lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ojú kọ̀ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí i, ó ń sọ ọ́ di iná mànàmáná, ẹ̀rọ sì ń ka iye rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí ó lókìkí jùlọ nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní CCD, tí Willard Boyle àti George Smith hùmọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Wọ́n pín nínú ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ físíìsì ní 2009 nítorí iṣẹ́ yìí.

Ìṣòro kan wà. Ojú kéékèèké wọ̀nyí mọ iye ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àwọ̀. Wọn kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ní 1975, Bryce Bayer, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Kodak, mú ìwé wá fún páténtì lórí ọ̀nà tí ó gbà yanjú rẹ̀. Ní 1976 ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi asẹ́ aláwọ̀ bo ojú kọ̀ọ̀kan. Kí òǹkàwé ro ojú pátákó dráàfù. Gbogbo ojú funfun rẹ̀ ni ó fi asẹ́ aláwọ̀ ewé bò. Ní ti àwọn ojú dúdú, ìlà kan gba asẹ́ pupa, ìlà tí ó tẹ̀lé e gba asẹ́ aláwọ̀ aró, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí. Ìdajì gbogbo ojú náà ni ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìdá mẹ́rin jẹ́ pupa, ìdá mẹ́rin tí ó kù sì jẹ́ aláwọ̀ aró. Ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọ̀ ewé ni ó sún mọ́ bí ojú ènìyàn ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ sì ni ojú wa fi ń rí ohun wínníwínní, kì í ṣe àwọ̀.

Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kúrò, kókó gbólóhùn ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé: irú ojú mẹ́ta ni ó wà nínú pátákó náà, ọ̀kan wà fún ìmọ́lẹ̀, méjì wà fún àwọ̀, ètò wọn ń tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tí ó wà fún ìmọ́lẹ̀ sì ń wáyé ní àyè kejì kejì ní ìbú àti ní òró. Kí a ṣe àkíyèsí pé kò ní òun ni òun ni asẹ́ aláwọ̀. Kò sì ní òun ni òun ni pátákó náà. Ètò ni ó ní òun ni.

Kí ni ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ìyá Lumière ní ilẹ̀ Faransé ti ń ta gíláàsì fọ́tò aláwọ̀ láti 1907. Wọ́n pa èèlò ìyẹ̀fùn ọ̀dùnkún láró ní àwọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fọ́n ọn ká sórí gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Fífi asẹ́ aláwọ̀ kéékèèké bo ohun tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe àjèjì nígbà náà. Lẹ́ẹ̀kejì, CCD ti wà láti 1969. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí ó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ti mọ̀ láti 1953 pé ojú kì í fi àwọ̀ rí ohun wínníwínní, wọ́n sì fún ìmọ́lẹ̀ ní àyè tí ó pọ̀ ju ti àwọ̀ lọ nínú ohun tí wọ́n ń gbé sórí afẹ́fẹ́.

Ó ti wá di pé gbogbo èròjà wà nílẹ̀. Ṣé ètò Bayer kàn tẹ̀lé wọn ní gbangba ni, àbí ìhùmọ̀ ni?

5. Ìgbésẹ̀ Adájọ́

Kí a gbà, fún ti àlàyé nìkan, pé irú ẹjọ́ yìí wá síwájú adájọ́ ní Enugu. Òfin Nàìjíríà sọ ohun tí ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ilé ẹjọ́ wa a sì máa wo ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dè wọ́n.

Ẹjọ́ tí a máa ń tọ́ka sí jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ti Windsurfing International àti Tabur Marine, tí ó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 1985. Páténtì lórí pátákó onígbòkun tí ènìyàn ń dúró lé lórí omi ni wọ́n ń jà sí. Ẹ̀rí wá pé ní 1958, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún méjìlá kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀, ó sì ń fi í ṣeré létí òkun ní Hayling Island. Igi tí ó dì mú láti darí ìgbòkun tirẹ̀ tọ́. Ti olùhùmọ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ilé ẹjọ́ sọ pé láti orí igi tí ó tọ́ dé orí igi tí ó tẹ̀, kò gba ìhùmọ̀. Páténtì náà ṣubú. Eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ni ó ti ṣe é.

Láti inú ẹjọ́ yìí ni ìgbésẹ̀ mẹ́rin ti jáde, tí a sì tún tò ní 2007 nínú ẹjọ́ Pozzoli. Èkíní: ta ni oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí sì ni ó yẹ kí ó mọ̀? Èkejì: kí ni kókó ohun tí gbólóhùn ẹ̀tọ́ ń béèrè? Ẹ̀kẹta: kí ni ìyàtọ̀ láàárín kókó yìí àti ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀? Ẹ̀kẹrin: bí a kò bá mọ ohunkóhun nípa ìhùmọ̀ náà, ṣé ìyàtọ̀ yìí yóò jẹ́ àtẹ̀lé gbangba fún oníṣẹ́ náà, tàbí yóò gba ọgbọ́n ìhùmọ̀?

Oníṣẹ́ tí a ń wí yìí kì í ṣe ẹnìkan pàtó. Ẹni àfojúinúrí ni. Ó ti ka gbogbo ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ dunjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe olùhùmọ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi kún èyí ní 2007 nínú ẹjọ́ KSR àti Teleflex, lórí ẹsẹ̀ ìtẹ̀ ọkọ̀ tí a so mọ́ ohun tí ó ń fi iná mànàmáná mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà dé. Ilé ẹjọ́ náà ní oníṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ tí kò lè ronú; òun náà lè pa nǹkan méjì tí ó mọ̀ pọ̀ bí iṣẹ́ bá béèrè fún un. Bí nǹkan méjì tí a mọ̀ bá pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn ń ṣe ohun tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ṣòro kí a tó pè é ní ìhùmọ̀.

Kí a gbé ti Bayer lé orí ìwọ̀n yìí. Ẹni tí ó ń ta kò ó yóò sọ pé ìyẹ̀fùn ọ̀dùnkún fi asẹ́ kọ́ni, tẹlifíṣọ̀n fi ipò ìmọ́lẹ̀ kọ́ni, CCD sì fi pátákó kọ́ni. Oníṣẹ́ wo ni kò ní pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀? Ẹni tí ó ń gbè é yóò dáhùn pé ìyẹ̀fùn náà fọ́n ká láìní ètò. Pé àyè orí afẹ́fẹ́ ni ìmọ̀ tẹlifíṣọ̀n dá lé, kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí a ó fi ojú kọ̀ọ̀kan sí. Àti pé kò sí èyí tí ó wí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí a fi ojú kan pamọ́ fún ìmọ́lẹ̀ ní àyè kejì kejì lọ́nà méjèèjì. Bí ẹ̀rí bá mọ lórí mẹ́ta yìí nìkan, ti ẹni kejì ni àwa yóò gbà. Èròjà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó na ọwọ́ sí ètò náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ko èrò wa mọ ohun tí yóò wá: ìwé kan, tàbí iṣẹ́ kan, tí ó ṣáájú 1975 tí ó sì na ọwọ́ sí ètò náà.

6. Ewu Ọgbọ́n Ẹ̀yìn

Ohun tí ó máa ń ba irú ìdájọ́ yìí jẹ́ ni ọgbọ́n ẹ̀yìn. Adájọ́ ti mọ ìdáhùn kí ó tó gbọ́ ìbéèrè. Lónìí, ètò Bayer ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ kámẹ́rà àti fóònù tí a ń fi ya fọ́tò. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe gbà pé ìgbà kan wà tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni?

Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn mọ ìṣòro yìí dáadáa nínú àlọ́ àpamọ̀. Bí apàlọ́ bá pa àlọ́, tí àwọn ọmọ bá ro ó títí tí wọn kò rí i, tí wọ́n sì ní kí ó já a fún wọn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn náà kọ́?' Ìdáhùn tí ó ṣòro ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di ohun tí ó rọrùn. Àlọ́ náà kò yí padà. Àwa ni a yí padà. Bí a bá fẹ́ mọ bí àlọ́ kan ṣe le tó, a kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gbọ́ ìdáhùn. A ń wo ìṣe àwọn tí kò ì gbọ́ ọ: ìgbà tí wọ́n fi ronú, iye àwọn tí ó gbìyànjú tí wọ́n kùnà, ìdáhùn tí wọ́n rò pé ó jẹ́ òótọ́.

Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ní 1966 nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere. Wọ́n ní a lè wo àwọn ohun tí ó yí ìhùmọ̀ ká: ṣé àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ irú nǹkan náà tipẹ́? Ṣé àwọn ẹlòmíràn ti gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe? Ṣé ọjà gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀ nígbà tí ó dé? Ẹ̀rí wọ̀nyí kì í dá ẹjọ́ fúnra wọn, nítorí pé ìpolówó náà lè mú kí ọjà tà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fa adájọ́ padà sí àná, kí ó lè dúró síbi tí oníṣẹ́ dúró sí.

7. Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kàn Wá

Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń yẹ ìhùmọ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí páténtì. Ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀. Abala kẹrin òfin wa sọ pé bí ìwé bá ti pé, tí owó sì ti wọlé, kí a fún ẹni náà ní páténtì láìyẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan rẹ̀ jẹ́ tuntun tàbí bóyá ó jẹ́ àtẹ̀lé gbangba. Òfin kan náà ní ọrùn ẹni tí ó gbà á ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò sì fọwọ́ sọ̀yà pé ó dúró. Ìtumọ̀ èyí ni pé iwájú adájọ́ ni a ti ń ṣe àyẹ̀wò náà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí ìjà ti dé.

Kí a ro ẹjọ́ mìíràn, tí ó sún mọ́ wa ju ti kámẹ́rà lọ. Kí a sọ pé olówó kan gba páténtì lórí agbada gàrí tí ó ní apá irin tí ń ro gàrí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé agbẹjọ́rò dé ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin ní Coal Camp ní Enugu, pé kí wọ́n má ṣe irú agbada bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti ń rọ irú rẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ń dín gàrí kí olówó náà tó gbọ́ nípa rẹ̀. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ya fọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ó wà nínú ewu yìí, àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin kò fi í sílẹ̀. Abala kẹsàn-án fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó fagi lé páténtì tí kò yẹ. Nítorí pé lílò àti ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀, agbada tí ó rọ, àti àlàyé tí ó ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀, lè di ẹ̀rí. Bí agbada tirẹ̀ kò tilẹ̀ bá ti olówó náà dọ́gba délẹ̀, tí ó jẹ́ pé apá irin méjì ni tirẹ̀, tí ti olówó sì jẹ́ mẹ́ta, ìbéèrè àtẹ̀lé gbangba yóò gbà á là, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ igi tí ó tọ́ àti igi tí ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní páténtì kò yẹ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ibí ni ìṣòro wà: òfin gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu tí kò ní ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí a máa ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Íńdíà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1995, Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní páténtì lórí fífi àtalẹ̀ pupa wo egbò. Ohun tí àwọn ìyá àgbà ní Íńdíà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ka lílò nǹkan ní ilẹ̀ òkèèrè sí, àfi ohun tí a bá kọ sínú ìwé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba Íńdíà kó ìwé àtijọ́ tí a kọ ní èdè Sanskrit jáde, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ ìwòsàn kan tí a tẹ̀ ní 1953, a sì fagi lé páténtì náà ní 1997. Bákan náà ni ilé iṣẹ́ páténtì Yúróòpù fagi lé páténtì tí wọ́n gbà lórí òróró igi dóńgóyárò ní 2000, lẹ́yìn tí ẹ̀rí wá láti Íńdíà pé wọ́n ti ń lò ó lóko. Wọ́n tún ta ko ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ó ni ín ní 2005. Láti 2013 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń ka lílò nílẹ̀ òkèèrè sí. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yá.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe rọrùn tó lójú wa lónìí ni adájọ́ ń wò. Ó ń ka gbólóhùn ẹ̀tọ́ lọ́rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń kó ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀ jọ, ó ń wá ìyàtọ̀, ó sì ń béèrè bóyá oníṣẹ́ àná lè gbé ẹsẹ̀ kan dé ibẹ̀ láìsí afinihàn.

Ohun mẹ́ta ni ó wá kù fún àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìperí: a ti dábàá 'gbólóhùn ẹ̀tọ́', 'ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀', 'àtẹ̀lé gbangba' àti 'ọgbọ́n ẹ̀yìn', kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbé wọn yẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún wọn ṣe. Èkejì ni kíka gbólóhùn ẹ̀tọ́ nínú kíláàsì gírámà, nítorí pé kò sí ibi tí ipò ẹ̀yán àti awẹ́ gbólóhùn ti lè náni lówó tó ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, ni iṣẹ́ ìkójọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, aláró, amọ̀kòkò àti onígbàjámọ̀ láti gba oríkì àti orin iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n máa gba ọ̀nà iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú: orúkọ irinṣẹ́, bí a ṣe ń lò ó, ìyàtọ̀ tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dá sí i. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi sí i, kí wọ́n sì fi í sí yàrá ìkàwé níbi tí ará ìlú ti lè rí i, bí oníṣẹ́ náà bá gbà kí aráyé mọ̀ ọ́n. A gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ná, nítorí pé ohun tí a bá ti fi hàn ní gbangba, òun fúnra rẹ̀ kò lè gba páténtì lórí rẹ̀ mọ́.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú àpótí fún ogún ọdún láìwúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwé agbẹjọ́rò bá dé Coal Camp, tàbí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú ewé kan tí ó ní ọjọ́ lórí lè tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ta ọgbọ́n rẹ̀ padà fún un.